Orin mẹ́rin péré! Ṣé Wizkid rẹ́ wa jẹ ni, àbí ọgbọ́n ló fi ṣe é?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ níṣojú mi ni, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí kò jìnnà sí abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, ní Sùúrùlérè. Mo kàn ní kí wọ́n bá mi gé irun orí mi ni o, n ò mọ̀ pé ẹjọ́ ni wọ́n máa kó lé mi lọ́wọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọ tó ń gẹ irun fún mi, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ó fi orin Wizkid sí i lórí fóònù ẹ̀, ló bá ń mi orí tòun ti máṣíìnì lọ́wọ́. Àyà mi ti ń já, mo ní kó má lọ gé mi létí. Baba kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kó kan òun náà. Gbogbo àdúgbò ló mọ Baba yìí. Ó ta rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ta kásẹ́ẹ̀tì, ó ta CD, kó tó di pé fóònù gba iṣẹ́ ọ̀hún lọ́wọ́ ẹ̀. Títí dòní, Baba Onírẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣì ń pè é.

Orin kan tán, òmíràn wọlé. Ìyẹn náà tán. Nígbà tó yí padà lẹ́ẹ̀kẹta, Baba gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè jẹ́ kí ọ̀kan parí kó o tó yí i ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, ẹ má bínú, wọ́n parí nìyẹn. Ó ku ẹyọ kan péré kí gbogbo ẹ̀ tán. Orin mẹ́rin ló wà níbẹ̀."

"Mẹ́rin?" Baba dìde dúró. "Orin mẹ́rin tí kò gbó, ẹ sì ń pè é ní àwo! Ìgbà yẹn, Barrister ò tíì kí àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́ tán!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Àmọ́ Baba ò rẹ́rìn-ín. Ó ní olè ni. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ya ọ̀lẹ, wọ́n ń gé orin bí ẹní gé ẹran wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń gbowó odidi màlúù. Ọmọ náà ní Baba ò mọ bí ayé ṣe ń lọ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń di ariwo, ni wọ́n bá kọjú sí mi. Wọ́n ní ẹ̀yin oníwèé ìròyìn lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá a fún wa. Mo ní ẹ jẹ́ n lọ rò ó dáadáa, màá kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti máa kà á. Ẹjọ́ náà nìyí o.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Àwo kékeré tí ọmọ yẹn ń gbọ́, S2 lorúkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé Soundman ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá, ọdún 2023 ni Wizkid gbé e jáde. Orin tó wà níbẹ̀ ni IDK, tóun àti Zlatan jọ kọ, Diamonds, Ololufe, tóun àti Wande Coal jọ kọ, àti Energy. Téèyàn bá gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léraléra, kò lè gba ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó lóun ń lọ sí Yábàá, gbogbo ẹ̀ lè tán kí kọ̀ǹdọ́ tó rí èrò tó máa kún ọkọ̀. EP ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ó ju orin ẹyọ kan lọ, kò sì tó álúbọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti Baba. Ká sọ tòótọ́, ó ní ohun tó rí kó tó sọ̀rọ̀. Ní 1975, Fẹlá ṣe àwo kan tó pè ní Confusion. Orin ẹyọ kan ló gba ojú méjèèjì rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀hún, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ìkòríta Ojúẹlẹ́gba yìí kan náà ló mú ṣàpẹẹrẹ níbẹ̀, bí mọ́tò ṣe ń ti apá mẹ́rin forí gbárí láìsí ẹni tó ń darí wọn, ó ní bí orílẹ̀-èdè wa ṣe rí gan-an nìyẹn. Fẹlá ò kánjú. Ìlù á kọ́kọ́ ṣeré tirẹ̀, fèrè á dáhùn, ó lè pẹ́ dáadáa kí baba náà tó lanu. Nígbà tó bá wá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́.

Ẹ wá wo ọmọ Ojúẹlẹ́gba kejì. Ní 2014, Wizkid fi Ojuelegba sọ orúkọ orin kan nínú álúbọ́ọ̀mù ẹ̀ tó ń jẹ́ Ayo. Ìyẹn ò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fi sọ ìyà tó jẹ kó tó dèèyàn àti bó ṣe ń dúpẹ́. Nígbà tó di 2015, Drake ará Kánádà àti Skepta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, bá a tún un kọ. Ojúẹlẹ́gba, tó jẹ́ pé ojúbọ Ẹlẹ́gba ló ti rí orúkọ ẹ̀, di ohun tí àwọn ọmọ òyìnbó tí kò gun mọ́lúè rí ń fẹnu pè. Ìkòríta kan náà, orin méjì. Ọ̀kan gùn bí ìrìn àjò Ìbàdàn, èkejì kúrú bí ìgbà téèyàn sọdá títì. Èwo ló burú nínú méjèèjì? Èmi ò rí èyí tó burú níbẹ̀.

Ọmọ onígbàjámọ̀ náà ní tiẹ̀ ní owó dátà ò jẹ́ kóun lè gbọ́ orin tó gùn. Mo bá a kẹ́dùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí fóònù, irú Spotify, tí ẹnì kan bá ti gbọ́ orin kan fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, wọ́n ti kà á sí pé ó gbọ́ ọ nìyẹn. Orin ìṣẹ́jú méjì àti orin ìṣẹ́jú 25, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ka méjèèjì sí. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ìṣirò. Èwo lẹ máa rà bí i agbọ̀n tòmátì, èyí tẹ́ ẹ lè tà lẹ́ẹ̀kan ni, àbí èyí tẹ́ ẹ lè tà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín àkókò kan náà?

Baba ò tíì wá rí nǹkan kan. Ní ìlú Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ olórin kan wà tó ń jẹ́ Napalm Death. Orin wọn, grindcore ni wọ́n ń pè é: gìtá tó ń bú bí ẹnjìnnì gẹnẹrétọ̀ tí sàléńsà ẹ̀ ti já, ìlù tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ẹni tó ń kọrin sì ń ké bí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́ lu irin. Ní 1987, wọ́n gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Scum. Orin kan wà níbẹ̀ tí kò pé ìṣẹ́jú àáyá méjì! Kẹ́ ẹ tó sọ pé "háà", ó ti tán. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí orin tó kúrú tó o. Nígbà tí mo sọ èyí fún Baba, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ṣé èyíinì náà rówó gbà?" Mo ní wọ́n gbà á o, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò sì kéré. Wọ́n ní ìbínú inú àwọn ò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ká sọ ọ́ ká kúrò níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Baba ni ibi tó ti ní ọ̀lẹ lọmọ náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Wizkid ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀dèjì Ibrahim Balógun, ọjọ́ 16, oṣù Keje, ọdún 1990 ni wọ́n bí i, ní Sùúrùlérè níbí. Bàbá ẹ̀ ń kírun, ìyá ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì fi kó ẹgbẹ́ olórin jọ, Lil Prinz ló ń pe ara ẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ó ń lọ jókòó sí sítúdíò olóògbé OJB Jezreel, ọ̀gá àgbà nídìí ká gba ohùn orin sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí OJB ṣe fún un: ó ní kò gbọ́dọ̀ gba ohùn orin kankan sílẹ̀ fún odidi ọdún kan! Kó jókòó, kó máa wo àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ náà jókòó. Ibẹ̀ ló ti rí 2Face Idibia tó ń ṣe àwọn orin Grass 2 Grace, ó rí Sound Sultan náà. Ọdún kan gbáko láìlanu, nígbà tí ọ̀fun ń yún un! Ẹ̀yin ará Sùúrùlérè, ẹ mọ ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò yín. Ọmọ yẹn fi ara ẹ̀ kọ́ ọ ni.

Lẹ́yìn náà ni M.I. fi ohùn ẹ̀ sínú àwo ẹ̀ ní 2008, Banky W. sì gbà á sílé iṣẹ́ ẹ̀, EME, ní 2009. Ní 2010, Holla At Your Boy gba ìgboro, àwọn ọmọ ilé ìwé ń dìrun bíi tiẹ̀. Superstar jáde ní 2011. Orin ọmọdé ni, ó yára, ó ń fò, ó ń pariwo pé òun náà ti dé. Nígbà tó fi máa di ìgbà Ayo ní 2014, ara ti ń balẹ̀. Ó gbé Fẹ́mi Kútì wá fun fèrè sí Jaiye Jaiye, ó ń kọ Yorùbá tó dùn létí. Ní 2016, òun àti Drake wà nínú One Dance, orin ọ̀hún gba ipò kìíní l'Amẹ́ríkà. Ó wá kọjú sí òkè òkun pátápátá. Sounds from the Other Side, tó jáde ní 2017, kún fún àwọn olórin òyìnbó. Èmi ò ní parọ́ fún yín, ìyẹn ò wọ̀ mí lára. Ńṣe ló dà bí ọmọ tó lọ sílùú òyìnbó fún oṣù mẹ́ta tó dé tó ń fi imú sọ̀rọ̀.

Ibi tí EP ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, ọdún 2019, ó gbé Soundman Vol. 1 jáde. Orin méje péré. Kò pariwo ẹ̀. Chronixx ará Jàmáíkà wà nínú ẹ̀. Ohùn ẹ̀ wá sílẹ̀, ìlù rọ̀, kò sí pé ó ń sáré lé ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan lójú orun ló ń kọ. Àmọ́ ọdún kan ò pé tí Made in Lagos fi jáde, ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020. Ó yẹ kó ti jáde ṣáájú nínú oṣù yẹn, ìwọ́de EndSARS ló jẹ́ kó sún un síwájú. Irú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n ní orun ni, òun náà ló wà níbẹ̀. Èyí tóun àti Tems kọ, Essence, dé ipò kẹsàn-án l'Amẹ́ríkà ní 2021. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwo kékeré ọjọ́sí, ìtọ́wò ọbẹ̀ ni. Ìyàwó tó mọ ọbẹ̀ sè á kọ́kọ́ ta díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á mọ̀ bóyá iyọ̀ tó kó tó gbé e síwájú àlejò. Ẹni tó bá ń bínú pé èyí tó wà látẹ́lẹwọ́ kéré, kò mọ ohun tó ń lọ nílé ìdáná.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún S2, àmọ́ èyí ní ẹ̀dùn nínú. Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2023, Wizkid kọrin ní pápá ìṣeré Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Ojúẹlẹ́gba ló dúró láàárín pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù olówó ńláńlá, tí èrò ń pe orúkọ ẹ̀. Oṣù kan ò pé sígbà yẹn tí ìyá ẹ̀, Màmá Jane Dọlápọ̀ Morayọ̀ Balógun, fi kú, nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ìyá yín rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Èèyàn á máa jẹun, kò ní mọ adùn ẹ̀. Wọ́n á bi yín lọ́rọ̀, ẹ máa dáhùn, ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ sọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni S2 jáde. Inú oṣù Kejìlá yẹn kan náà ló kéde pé òun máa ná 100 mílíọ̀nù náírà lórí àwọn ọmọdé Sùúrùlérè fún Kérésì, ní ìrántí ìyá òun. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ la wá ń bi pé kí ló dé tí orin ò ju mẹ́rin lọ? Mẹ́rin tó rí kọ gan-an, ká kí i kú ìyànjú. Ọdún kan ò pé, ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ó gbé álúbọ́ọ̀mù jáde, orin 16. Kí lorúkọ ẹ̀? Morayo. Orúkọ ìyá ẹ̀ ni.

Nínú orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin S2, Ololufe lèmi mú. Wande Coal tó bá a kọ ọ́, àwo tiẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2009, Mushin 2 Mo'Hits lorúkọ ẹ̀, orin kan sì wà níbẹ̀ tóun náà ń jẹ́ Ololufe. Ìyẹn, wọ́n lò ó níbi ìgbéyàwó títí tí àga fi fẹ́ máa kọ ọ́. Sùúrùlérè àti Múṣin wá pàdé lórí orúkọ kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, bíi àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń jẹ bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà kan, tí ọ̀kan wá rí èkejì, tó ní, "Ṣé o ṣì rántí?" Wọn ò dá ara wọn lágara, wọn ò pariwo. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n dákẹ́. Tí wọ́n bá fà á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á bà á jẹ́.

Nígbà tí mo ro gbogbo èyí tán, mo lọ bá Baba Onírẹ́kọ́ọ̀dù nílé ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kó jẹ́ ká jọ wo àwọn àwo tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fa àpótí méjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eruku fẹ́ pa wá. A rí Obey, a rí Sunny, a rí Ayinlá, a rí Barrister tó ń rẹ́rìn-ín nínú agbádá. Nísàlẹ̀ pátápátá, rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan jáde, kò tóbi ju abọ́ ìbùwọ́ lọ. Baba ní ti bàbá òun ni, láti bí ọdún 1960 àti díẹ̀. Mo ní kó bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó kà á. Orin méjì ní ojú kan, orin méjì ní ojú kejì.

Mo ní, "Baba, mélòó nìyẹn?"

Ó dákẹ́. Ó yí i padà, ó tún yí i padà. Ó ní, "Mẹ́rin ni."

Mo wá ṣàlàyé fún un. EP náà ni wọ́n ń pe ìyẹn láyé ọjọ́un. Kó tó dé, rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá tó ń sáré yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan ló wà, ojú kan ẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwọn baba wa tó kọrin sí i, kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n, ibi tí àyè tán sí ni wọ́n dúró sí. Ìgbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan dé, ni Fẹlá àti Barrister wá ráyè na ẹsẹ̀. Bí ìgò bá ṣe tóbi tó ni epo ṣe ń gbà. Fóònù ni ìgò tòní.

Baba nu rẹ́kọ́ọ̀dù náà mọ́ aṣọ ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe pé orin kúrú ló ń dùn mí. Ọjà tèmi ló kúrú. Tí wọ́n bá gbé àwo tuntun jáde nígbà yẹn, láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Owó ẹ̀ ni mo fi rán àwọn ọmọ nílé ìwé. Ní báyìí, ọmọ Ojúẹlẹ́gba gbé orin jáde, wọ́n gbọ́ ọ ní Tókíyò lójijì, èmi tí mo wà ní Ojúẹlẹ́gba ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀."

Mi ò lè dá a lóhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni. Ẹni tó ra rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà yẹn, tiẹ̀ ni, ó lè fi jogún fún ọmọ, bí bàbá Baba ṣe fi èyí jogún fún un. Èyí tó wà lórí fóònù yìí, lọ́jọ́ tówó oṣù ò bá wọlé, orin á kúrò lọ́wọ́ ẹ.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí o. Wizkid ò jalè. Orin mẹ́rin tó dáa sàn ju 20 tí mẹ́rìndínlógún nínú ẹ̀ jẹ́ ariwo. Ọmọ onígbàjámọ̀ jàre níbẹ̀. Àmọ́ kó má tún pe Baba ní ẹni tí kò mọ bí ayé ṣe ń lọ. Baba mọ̀ ọ́n, òun gan-an layé ọ̀hún gbabẹ̀ kọjá lórí.

Nígbà tí mo ń lọ, Baba ní kí n bá òun sọ fún ọmọ náà pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tóun bá wá gẹrun, kó fi orin ọ̀hún sí i fóun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní èyí tí Wande Coal bá a kọ yẹn, òun ò gbọ́ ọ dáadáa, ìjà lòun ń jà.

Ó dìgbà kan ná. Ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí.